Linux àtijọ́ nínú àpótí tuntun: ọjọ́ orí ni kí a kọ́kọ́ béèrè

Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà lọ́jà báyìí tí ó fẹ́rẹ̀ má tóbi ju ìwé àdúrà lọ. Mini PC ni wọ́n ń pè é. Àpótí nìkan ni: ẹni tí ó rà á ni yóò wá écran àti clavier mọ́ ọn. Kò gba àyè, kì í jẹ iná púpọ̀. N100, tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ni ọpọlọ tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́ọ̀tì 6 péré ni Intel kọ fún ọpọlọ náà. Ìdí nìyí tí àpótí yìí fi ń wu àwọn tí ó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé fún ará ìlú, nítorí owó iná kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà tí ó yẹ kí olùrajà mọ̀ kí ó tó náwó. Ká ní ẹnì kan ní ilé ìtẹ̀wé kékeré. Ó ti fi Linux ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ àwọn oníbàárà, owó tí ó wọlé àti gbèsè tí ó wà níta, gbogbo rẹ̀ wà nínú ètò ìṣirò kan tí wọ́n ṣe fún un lórí Debian 10. Kọ̀ǹpútà náà kú. Ó ra mini PC, ó sì ki clé USB tí Debian 10 wà nínú rẹ̀ bọ inú àpótí tuntun náà. Àwòrán ojú écran kò rí bí ó ti yẹ. Wi-Fi kò sí. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì kò dáhùn. Ó gbà pé ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ ni wọ́n tà fún òun. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ara ẹ̀rọ náà le. Ọjọ́ orí ni kò bá ara mu.

Linux ni ọ̀gá tí ó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà. Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. Ohun tí ó kọ ni ọkàn Linux, èyí tí a ń pè ní noyau ní èdè Faransé. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn a máa mú ọkàn yìí, wọn a kó àwọn ètò iṣẹ́ yí i ká, wọn a sì pín in fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Debian, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ubuntu, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2004, jẹ́ òmíràn.

Nínú ọkàn Linux ni àwọn atukọ̀ wà, èyíinì ni pilote. Écran ní atukọ̀ tirẹ̀. Wi-Fi ní tirẹ̀. Ihò tí a ń ki okùn íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀ ní tirẹ̀. Bí atukọ̀ kò bá sí, ọkọ̀ wà létí odò lásán. Debian 10 jáde ní oṣù keje ọdún 2019. Noyau 4.19, tí ó jáde ní ọdún 2018, ni ó wà nínú rẹ̀. N100 dé ní ọdún 2023. Báwo ni ìwé tí a kọ ní ọdún 2018 yóò ṣe dárúkọ ọmọ tí a bí ní ọdún 2023? Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àlejò gan-an ni Debian 10 jẹ́ nínú àpótí tuntun.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni kò ní dáhùn. Clavier àti clé USB sábà máa ń ṣiṣẹ́, nítorí pé òfin tí wọ́n ń tẹ̀lé ti pẹ́. Èyí ni ó ń tan ènìyàn jẹ: ìgbà tí iṣẹ́ bá ti dé àárín ni ó tó hàn pé nǹkan kò pé.

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni kí a béèrè ọdún méjì: ọdún tí ọpọlọ ẹ̀rọ náà jáde, àti ọdún tí noyau inú Linux náà jáde. Bí noyau bá ti dàgbà ju ẹ̀rọ lọ, kí a fura. Debian 12 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023 pẹ̀lú noyau 6.1, ó mọ N100. Láti ìgbà náà ni Debian sì ti ń fi àwọn fáìlì kéékèèké tí Wi-Fi nílò sínú clé ìfisórí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ wọn ni yóò lọ wá wọn fúnra rẹ̀.

Ohun kejì ni kí a dán an wò kí a tó fi sórí ẹ̀rọ. Irú Linux kan wà tí wọ́n ń pè ní live. Orí clé USB ni ó ti ń ṣiṣẹ́, kò sì ní fọwọ́ kan ohunkóhun nínú àpótí, àfi bí a bá ní kí ó ṣe é. Kí a wo écran, kí a wo Wi-Fi, kí a tẹ́tí sí ohùn.

Ohun kẹta: bí íntánẹ́ẹ̀tì bá kọ̀, kí a fi okùn USB so fóònù Android mọ́ àpótí náà, kí a sì pín íntánẹ́ẹ̀tì fóònù fún un. Linux àtijọ́ pàápàá sábà máa ń mọ ọ̀nà yìí.

Àwọn kan a máa fi noyau tuntun sínú Linux àtijọ́. Ó dára bí àlàfo ọdún kò bá pọ̀. Debian 11 rí noyau 6.1 gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 5.10, tí ó jáde ní òpin ọdún 2020, ni Debian 10 rí gbà. Ìyẹn náà ṣáájú N100.

Kí ni onílé ìtẹ̀wé yóò wá ṣe sí ètò ìṣirò rẹ̀? Kí ó fi Debian tuntun sórí mini PC. Lẹ́yìn náà, kí ó dá ẹ̀rọ kan sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, èyí tí a ń pè ní machine virtuelle, kí ó sì fi Debian 10 sínú rẹ̀. VirtualBox lè ṣe iṣẹ́ yìí. Irú àwọn ohun èlò àtijọ́ tí Debian 10 ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ náà máa ń fi hàn án. Ètò ìṣirò yóò ṣiṣẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe so Debian 10 yìí mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé láti oṣù kẹfà ọdún 2024 ni Debian kò ti ṣe àtúnṣe ààbò fún un mọ́.

Kí ó tó ṣe gbogbo èyí, kí ó yọ disque dur inú kọ̀ǹpútà tí ó kú. Ẹ̀rọ lè kú kí disque dur rẹ̀ má kú. Kí ó da àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ kọ sí ibi méjì. Fífi Linux sórí ẹ̀rọ lè pa ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́, a sì lè ra àpótí mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ìwé gbèsè tí ó sọnù.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ: tuntun nìkan kọ́ ni ó dára, àtijọ́ nìkan kọ́ ni ó burú. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí àwọn méjèèjì mọ ara wọn. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí ó bá béèrè ọdún kí ó tó rajà kò ní pe ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le ní òkú.