Shell Script: Ìránṣẹ́ Tí Kì Í Gbàgbé

Ní Ibiade ni mo ti ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní màá ṣe ẹ̀dà ìtàn tí ìyá àgbà kan sọ fún mi. Oorun gbé mi lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kọ̀ǹpútà mi kò tàn mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ́ shell script. Àwọn àṣẹ tí à bá máa tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan la máa ń tò sínú fáìlì kan, tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé. Bash, tí Brian Fox gbé jáde ní 1989, ló ń ka tèmi. cron ń pè é láago mẹ́wàá alẹ́; rsync ń fi ohun tuntun nìkan ránṣẹ́ sórí server, kí dátà má baà ṣòfò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, mo ti fi until àti sleep sọ fún un pé kó sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tún gbìyànjú.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ìránṣẹ́ yìí kì í béèrè ìdí. Bí ẹ bá ṣi àṣẹ kọ, á ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi -nv sí rsync. Á sọ ohun tó fẹ́ ṣe láì tíì ṣe é.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó tún ìtàn náà sọ, ṣùgbọ́n orin inú rẹ̀ ti yàtọ̀.