Àìsàn Ẹnì Kan, Àìsàn Gbogbo Ilé: Bí Ìlera Ẹbí Ṣe Kan Ti Ẹnì Kọ̀ọ̀kan Ní Ṣáínà

Bí wọ́n bá gbé àgbàlagbà kan lọ sí ọsibítù ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé àrùn jẹjẹrẹ ló ń bá a fínra, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe aláìsàn náà ni dókítà máa ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ ni yóò pè sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ẹbí ni yóò forí korí, tí wọn yóò pinnu bóyá kí bàbá tàbí ìyá náà gbọ́ tàbí kó má gbọ́. Òfin pàápàá ti fàyè gbà á rí: èyí tí wọ́n ṣe lórí iṣẹ́ dókítà lọ́dún 1998, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọdún 2022, sọ pé kí dókítà sọ òótọ́ fún aláìsàn tàbí fún ẹbí rẹ̀, kó sì ṣọ́ra kí ọ̀rọ̀ náà má baà pa aláìsàn lára.

Lulu Wang, ọmọ Ṣáínà tó dàgbà sí Amẹ́ríkà, gbé irú rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí tirẹ̀ jáde nínú fíìmù The Farewell lọ́dún 2019. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló mú ìyá àgbà wọn ní ìlú Changchun. Kàkà kí wọ́n sọ fún un, ṣe ni wọ́n fi ìgbéyàwó bojú, kí gbogbo ọmọ lè wálé wá rí i láìjẹ́ pé ó fura. Nígbà tí fíìmù náà jáde, màmá náà ṣì wà láàyè.

Àjèjì lè pe èyí ní irọ́. Lójú àwọn tó ń ṣe é, ẹrù ni wọ́n ń bá aláìsàn rù. Ẹ̀kọ́ Confucius ti kọ́ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé ọ̀dọ̀ òbí ni ọmọ ti gba ara rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ìpamọ́ yìí ní ẹ̀yìn. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Shenzhen kì í fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò rí oorun sùn mọ́. Ìròyìn ayọ̀ nìkan ló ń fi ránṣẹ́ sílé. Ìyá náà kì í sọ pé orúnkún ń dun òun. Bó bá wá jẹ́ àìsàn ọpọlọ ni, ẹnu á tún wúwo sí i, nítorí ó lè ba ọjà ìgbéyàwó àwọn àbúrò jẹ́. Ẹni tó bá mọ bí àwọn àgbà Yorùbá ṣe ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ yóò tètè lóye èyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá le jù ni pé àwọn tó yẹ kó jọ ru ẹrù ọ̀hún ti dín kù. Láti nǹkan bí ọdún 1980 títí di ìparí ọdún 2015, ọmọ kan ṣoṣo ni ìjọba gba ọ̀pọ̀ tọkọtaya láyè láti bí, pàápàá àwọn tó ń gbé nígboro. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ẹlòmíràn tí òun náà dá wà, òbí mẹ́rin ló wà lọ́rùn àwọn méjèèjì, yàtọ̀ sí ọmọ tí wọ́n bá bí. Ètò ìkànìyàn ọdún 2020 fi hàn pé àwọn tó ti pé ẹni 60 ọdún lé mílíọ̀nù 260. Kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò tí yóò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú òbí ní ọsibítù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ń retí rẹ̀ níbi iṣẹ́.

Ìjọba náà ti rí i. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 1, 2013 pa á láṣẹ kí àwọn ọmọ tí kò bá òbí wọn gbé máa lọ bẹ̀ wọ́n wò déédéé, ilé ẹjọ́ kan ní ìlú Wuxi sì pàṣẹ fún obìnrin kan pé kó máa lọ wo ìyá rẹ̀, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù méjì. Èyí tó dà bí ẹni pé ó wúlò jù lójú tiwa ni ti ìpínlẹ̀ Henan: láti ọdún 2016, bí òbí ọmọ kan ṣoṣo bá ti pé ẹni 60 ọdún tó sì wà ní ọsibítù, ọmọ náà lè gba ìsinmi tó tó 20 ọjọ́ lọ́dún láti tọ́jú rẹ̀, wọn kò sì ní í ka àwọn ọjọ́ náà sí pípa iṣẹ́ jẹ.