Iyán àti Èbù: Ìjà tó wáyé lórí kóòdù Red Hat

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má ṣe sọ pé kò kàn yín.

Bí ẹ bá gbé ọmọ tí ibà ń ṣe lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Bí oṣù bá parí, wọ́n á ka iye àwọn tí ibà ṣe, iye náà á sì wọ inú kọ̀ǹpútà. Ètò tí ìjọba Benin ń lò fún irú iṣẹ́ yìí ni DHIS2. Yunifásítì Oslo, ní ilẹ̀ Norway, ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó àṣẹ kí ó tó lò ó, àti pé ẹni tó bá gbọ́n tó lè tú u wò, kí ó tún un ṣe.

Kí ni ètò kọ̀ǹpútà? Ẹ̀rọ kò ní ọgbọ́n fúnra rẹ̀. Ènìyàn ló ń kọ ohun tí yóò ṣe, ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan. Ohun tí ènìyàn kọ yìí ni à ń pè ní kóòdù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yí i padà sí èdè tí ẹ̀rọ nìkan gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣu ṣe àpẹẹrẹ. Ta ló mọ iṣu ju ará Savalou lọ, tí wọ́n ń ṣe ọdún iṣu ní 15 oṣù kẹjọ? (Ará Bantè yóò ní tàwọn ló dùn jù. A kò dá sí ìjà yẹn.) Bí wọ́n bá gbé iyán fún yín, ẹ ó jẹ, ẹ ó yó. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè gbin iyán. Èbù ni ẹni tó fẹ́ gbin iṣu ń wá. Ètò tó wà ní èdè ẹ̀rọ ni iyán. Kóòdù tí ènìyàn lè kà ni èbù.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ta iyán, wọ́n sì ń fi èbù pamọ́. Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà, kò fara mọ́ èyí. Ní 1989 ó gbé ìwé àṣẹ kan jáde tí wọ́n ń pè ní GPL. Gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí, ẹni tó bá fún yín ní ètò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ rí kóòdù rẹ̀. Ẹ lè tún un ṣe, ẹ lè fún ẹlòmíràn, kò sì gbọdọ̀ fi òfin mìíràn dí yín lọ́wọ́. Ìwé náà kò ní kí wọ́n má tà á o. Ní 1991, Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ètò Linux, ó sì fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ yìí ní ọdún kejì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti bá a ro oko náà. Fóònù Android tó wà lápò yín, Linux ló wà ní ìdí rẹ̀.

Red Hat, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, kó Linux àti ọ̀pọ̀ ètò mìíràn jọ, ó ń tọ́jú wọn, ó sì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ó là níbẹ̀: ní 2019, IBM rà á ní bílíọ̀nù 34 dọ́là. Àwọn kan sì ń mú èbù rẹ̀, wọ́n ń gbìn ín bó ṣe rí gan-an, wọ́n ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn bíi Rocky Linux àti AlmaLinux nìyẹn.

Ní 21 oṣù kẹfà 2023, Red Hat ní òun kò ní kó èbù náà síta gbangba mọ́. Èbù CentOS Stream, tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀kan náà, ló fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Oníbàárà á ṣì rí èbù. Ṣùgbọ́n bí ó bá pín in fún ẹlòmíràn, Red Hat lè fòpin sí àdéhùn wọn: èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ di tirẹ̀, kò ní rí ti ọdún tó ń bọ̀ rà.

Níbẹ̀ ni ìjà ti bẹ́. Red Hat ní òun ló ń san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, kò sì dára kí ẹni tí kò fi nǹkan kan kún un máa kó o lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀. Àgbẹ̀ wo ló fẹ́ràn ẹni tí kì í wá síbi ebè, tó jẹ́ ìgbà ìkórè nìkan ni à ń rí i? Àwọn yòókù dáhùn pé Red Hat náà kọ́ ló gbin gbogbo oko yìí. Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gba èbù. Wọ́n béèrè pé: bí ẹ bá ní mo lè pín in, tí ẹ sì ní ẹ ó jáwọ́ lára mi bí mo bá pín in, ṣé ẹ kò tíì dí mi lọ́wọ́? Lójú tiwa, ìbéèrè yìí le ju ìdáhùn tí Red Hat fún un lọ.

AlmaLinux fi ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀ gan-an sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2023, Oracle, SUSE àti CIQ dá ẹgbẹ́ OpenELA sílẹ̀ láti máa kó èbù síta fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: èbù tí wọ́n ti fún ènìyàn pẹ̀lú ìwé àṣẹ, wọn kò lè gbà á padà. Ti ọjọ́ iwájú nìkan ni wọ́n lè fi pamọ́. Ní oṣù kẹta 2024, ilé iṣẹ́ Redis yí ìwé àṣẹ ètò rẹ̀ padà. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ mú èbù àtijọ́, wọ́n gbìn ín sí oko mìíràn, wọ́n sọ ọ́ ní Valkey. Ní oṣù karùn-ún 2025, Redis fúnra rẹ̀ tún ṣí ìlẹ̀kùn abà. Valkey ṣì ń ta ewé lọ ní tirẹ̀.