Owó Ìrànwọ́ ní Japan: Ẹni Tó Bá Kọ́kọ́ Ná Tirẹ̀ Ni Ìjọba Ń San Án Padà Fún

Ní àdúgbò Taitō, ní ìhà ìlà-oòrùn Tokyo, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ, níbi tí wọ́n ti ń yan senbei. Ìpékeré ìrẹsì ni senbei. Wọ́n á yan án lórí iná títí yóò fi pọ́n, wọ́n á fi omi sóyà kùn ún, òórùn rẹ̀ á sì máa ta sánsán dé ìta. Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọkọ wọn àti òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀. Ohun tí màmá ń fẹ́ kò pọ̀: ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa lẹ ẹnu ọ̀rá pa, àti páálí tó dùn-ún wò tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tó ń lọ sí tẹ́ńpìlì Sensō-ji lè rà lọ fún ará ilé. Wọ́n ṣírò rẹ̀, ó di 750,000 yen. Wọ́n sì ti gbọ́ pé ìjọba máa ń ran oníṣòwò kékeré lọ́wọ́. Ta ló ń pín owó náà, báwo ni ọwọ́ ṣe ń tẹ̀ ẹ́? Èyí ni mo tẹ̀ lé wọn lọ wádìí.

Orí káńtà ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Màmá nu ìyẹ̀fun kúrò lára kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sì ṣí J-Net21, ìkànnì tí àjọ ìjọba tó ń rí sí iléeṣẹ́ kéékèèké àti alábọ́ọ́dé ń bójú tó. Ẹ ó yan agbègbè yín, ẹ ó yan irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ètò tó bá bá yín mu yóò sì jáde. Ètò ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, ti ìjọba Tokyo wà, ti ìjọba ìbílẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó pọ̀ jù lè mú kí àlejò ṣìnà.

Ohun tó là wọ́n lójú ni pé àpò méjì ni owó náà ti ń wá. Èkíní ni joseikin. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera àti iṣẹ́ ló ń fúnni ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, láti inú owó adójútòfò tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá. Bí àpẹẹrẹ, ọ̀gá tó bá sọ òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ di òṣìṣẹ́ pátápátá lè gbà á, bó bá ti pa gbogbo òfin ètò náà mọ́. Èkejì ni hojokin, tó sábà máa ń wá láti ọ̀dọ̀ METI, iléeṣẹ́ ìjọba fún ọrọ̀ ajé, òwò àti ilé iṣẹ́. Ìdíje ni tiẹ̀. Ẹ ó kọ ètò òwò yín sílẹ̀, àwọn kan yóò fún un ní máàkì, ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tó yóò sì lọ lọ́wọ́ òfo. Màmá kò fẹ́ gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́, nítorí náà hojokin ló kàn wọ́n.

Èyí tí wọ́n mú ni Jizokuka Hojokin, tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn tó kéré jù láàárín àwọn kékeré: ṣọ́ọ̀bù tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 5 lọ, tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan jáde tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 20 lọ. Nínú owó mẹ́ta tí ẹ bá ná, ìjọba yóò dá méjì padà, ṣùgbọ́n nínú ètò náà bó ṣe wà gan-an, kò ní ju 500,000 yen lọ. Ìṣirò màmá wá bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ọkọ wọn fẹ́ kí wọ́n fi ìkànnì ìtajà kún un, àmọ́ láti 2022 ni òfin ti sọ pé owó ìkànnì kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìrànwọ́ náà. Wọ́n yọ ìkànnì kúrò.

Ẹ kò lè dá ìwé yìí fi ránṣẹ́ láìgba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ oníṣòwò àdúgbò yín kọjá. Ti Tokyo ti wà láti 1878, Shibusawa Eiichi, ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó 10,000 yen tuntun láti oṣù keje 2024, ló ṣáájú àwọn tó dá a sílẹ̀. Ní ẹ̀ka wọn, olùdámọ̀ràn kan tó kéré sí màmá lọ́jọ́ orí gba ìwé wọn, ó tẹrí ba, ó sì mú bírò pupa. Màmá ti kọ ọ́ pé ẹ̀rọ àwọn ti gbó, pé ọjà kò yá. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ta ló ń ra senbei yín? Aago mélòó ni wọ́n máa ń wá? Kí ló dé tí wọn kì í rà ju ẹyọ méjì lọ? Màmá ní àwọn arìnrìn-àjò máa ń jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ ni, torí ọ̀rá lásán kì í jẹ́ kó dé ilé láìfọ́. Olùdámọ̀ràn ní ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé náà nìyẹn. Àwọn tó ń fún un ní máàkì kò wá ẹni tí ìyà ń jẹ, ẹni tó mọ oníbàárà rẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Lẹ́yìn àtúnkọ, ẹgbẹ́ yóò fún yín ní ìwé kan tó jẹ́rìí sí ètò yín. Ẹ fojú sílẹ̀ níbí o! Ọjọ́ tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn ìwé ẹ̀rí yìí máa ń ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn ètò náà fúnra rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ kò sì lè wọlé láìní gBizID, orúkọ ìwọlé tí ìjọba ń fún oníṣòwò. Màmá yàn láti fi ìwé béèrè fún un, ni wọ́n bá ní láti lọ gba ẹ̀rí òǹtẹ̀ wọn ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ti pẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni owó fúnra rẹ̀. Orúkọ ẹni lè jáde lára àwọn tó yege, síbẹ̀ kò tíì lè rajà. Àfi kí ìwé tó fọwọ́ sí ìnáwó dé. Bí màmá bá ra ẹ̀rọ lónìí tí ìwé dé lọ́la, ara wọn ni wọ́n rà á fún. Bí ìwé bá dé tán, àpò ara wọn ni wọ́n ó ti san 750,000 yen. Owó tó bá ju 100,000 yen lọ kò ṣeé san lówó ọwọ́, báǹkì ni yóò gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ó kó rìsíìtì, ìwé owó àti fọ́tò ẹ̀rọ jọ fi ṣe ìròyìn, wọ́n ó sì dúró kí ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó. Ọdún 5 ni wọ́n ó fi tọ́jú àwọn ìwé náà. Ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́ lè wá ẹ̀yáwó Marukei, tí ẹgbẹ́ oníṣòwò máa ń dúró fúnni láti gbà láìfi dúkìá dógò.

Ibi tí owó bá wà, àwọn gbájúẹ̀ kò ní ṣàìdé. Òfin ọdún 1955 lórí owó ìrànwọ́ ní ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5 nínú fún ẹni tó bá fi irọ́ gbà á. Ní oṣù kẹfà 2021, ọlọ́pàá mú òṣìṣẹ́ METI méjì tó fi èrú gba owó ìrànwọ́ háyà ilé tí ìjọba ń pín nígbà kòrónà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní òun yóò bá yín kọ gbogbo rẹ̀, pé kí ẹ ṣáà fún òun ní ìdá kan nínú rẹ̀, ẹ rántí pé orúkọ yín ló wà nínú ìwé. Láti 2014 ni Yorozu Shien Kyoten, ibùdó ìmọ̀ràn fún oníṣòwò kékeré, ti wà ní gbogbo agbègbè 47 tó wà ní Japan, ọ̀fẹ́ sì ni ìmọ̀ràn wọn.

Ètò tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tí òwò rẹ̀ ti fẹ́ kú. Ẹni tí òwò rẹ̀ ṣì ń mí, tó sì lè rí owó kó sílẹ̀, ni yóò jẹ nínú rẹ̀. Ẹ ka ìwé ìlànà láti orí dé ìsàlẹ̀, ẹ tètè lọ rí olùdámọ̀ràn, ẹ má sì ná kọ́bọ̀ kí ìwé ìfọwọ́sí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́.