Ta Ni Yóò Fi Hàn Pé Inú Páálí Ni Fóònù Ti Bàjẹ́?

Àjọ FCCPC, tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn òǹrajà ní Nàìjíríà, kò yé kìlọ̀ pé àkọlé tí àwọn ọlọ́jà ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri, "owó tó bá ti wọlé kò ní jáde mọ́", kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ọ̀rọ̀ náà tún ti gbòde, gbogbo wa la sì ti gbọ́ ọ. Inú àwọn òǹrajà ń dùn, àwọn ọlọ́jà ń fajú ro. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbé fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rí mọ̀ pé àkọlé ara ògiri kọ́ ló máa ń lé èèyàn padà sílé lọ́wọ́ òfo. Gbólóhùn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ: "Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

Bí ọlọ́jà bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí bóyá òfin fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó yín. Ó ti di pé ta ni yóò mú ẹ̀rí wá, irú ẹ̀rí wo sì ni. Ibi yìí gan-an ló yẹ ká ti dúró pẹ́, torí pé àwọn ìkìlọ̀ tí à ń gbọ́ kì í sábà dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò nílẹ̀. Òfin Ìdíje Ọjà àti Ìdáàbòbò Òǹrajà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, sọ ní abala 131 pé ohun tí èèyàn bá rà gbọ́dọ̀ wúlò fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún, kó jẹ́ ojúlówó, kó máa ṣiṣẹ́ láìlábùkù, kó sì lálòpẹ́ dé ìwọ̀n tó bójú mu. Abala 122 ní òǹrajà lè dá ọjà padà kó sì gba gbogbo owó rẹ̀ bí ó bá ti sọ ohun tó fẹ́ fi ọjà náà ṣe fún ọlọ́jà, tí ọjà náà kò sì lè ṣe é. Tàbí bí kò bá láǹfààní láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó wá rí i pé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n jọ ṣàdéhùn lé lórí. Àwọn tó ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni èyí kejì wúlò fún jù. Abala 129 kò sì gba ọlọ́jà láyè láti fi àdéhùn kankan gba ẹ̀tọ́ wọ̀nyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Yálà wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ni o, yálà wọ́n tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ rìsíìtì ni o, àkọlé yẹn kò lè dí yín lọ́wọ́. Àmọ́ o, òfin náà kò sọ pé ẹni tí àwọ̀ fóònù rẹ̀ kò wù mọ́ lè lọ gba owó. Àbùkù ni òfin ń sọ, kì í ṣe ìyípadà ọkàn.

Ibo wá ni àkọlé yìí ti wá, tó fi wà ní gbogbo ọjà? Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́ ju fóònù lọ. Lọ́dún 1893 ni Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe Òfin Ọjà Títà, èyí tí Mackenzie Chalmers kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó bá àwọn òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yòókù tó ti wà ṣáájú ọdún 1900 wọlé dé Nàìjíríà, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn sì sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ lọ́dún 1959. Abala 14 òfin 1893 yẹn dára: ó ní ọjà tí oníṣòwò bá tà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó yẹ kí èèyàn gbówó lé. Abala 55 ló wá tú gbogbo rẹ̀ ká. Ó ní bí olùtà àti olùrà bá jọ fẹnu kò, wọ́n lè yọ ààbò náà kúrò. Èyí lè bọ́gbọ́n mu láàárín oníṣòwò ńlá méjì tí agbára wọn dọ́gba, tí oníkálukú wọn ní agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n tí ó bá di ọ̀rọ̀ ẹni tó kó owó oṣù rẹ̀ lọ ra fíríìjì, ìfẹnukò wo ló wà níbẹ̀? Ọlọ́jà kọ àkọlé sókè, òǹrajà sanwó nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kà á sí pé ó ti gbà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, òfin 1973 àti ti 1977 ti dí ihò yẹn fún ẹni tó ń rajà fún ìlò ara rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ó pẹ́ gan-an kí òfin tó dé bá a. Abala 104 òfin tuntun ló wá sọ pé òun lékè gbogbo òfin mìíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí, àfi ìwé òfin ilẹ̀ wa nìkan.

Mo gùn díẹ̀ lórí ìtàn yìí nítorí pé mi ò gbà pé ìwà ọ̀daràn ló wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó lẹ àkọlé yẹn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Àlàbá, tí ọ̀gá náà kọ́ ọ lọ́wọ́ ọ̀gá tirẹ̀, bá àkọlé náà lẹ́nu iṣẹ́ ni, ó sì ti fìgbà kan rí bófin mu. Òfin yí padà, ògiri ò yí padà.

Wáràntì náà ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ìlérí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni wáràntì. Ó lè jẹ́ ọdún kan, ó lè yọ bátìrì sílẹ̀, ó lè ní gíláàsì ojú fóònù kò sí níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí òfin fún òǹrajà kì í ṣe ara ìlérí yẹn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó gbowó ló wà. Ọlọ́jà tó bá ní kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè máa fi ọ̀nà tó yá hàn yín, ṣùgbọ́n kò lè fi ìyẹn bọ́ ẹrù tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n máa ń kọ sára sítíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù tòkunbọ̀, ìlérí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Òfin kò parí níbi tí sítíkà parí sí.

Ó wá ku "ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́". Òfin Ẹ̀rí ilẹ̀ wa ti ọdún 2011 sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kí ilé ẹjọ́ dá òun láre lórí ohun kan, òun ni yóò mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Ìlànà tó dára ni bí ẹni méjì bá ń ṣẹjọ́ ilẹ̀ tàbí gbèsè. Lórí ẹ̀rọ tí olówó rẹ̀ kò lè tú wò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí ní Computer Village n'Íkẹjà. Wọ́n tẹ́ẹ̀sì fóònù lójú òǹrajà: wọ́n ki síìmù bọ̀ ọ́, wọ́n pe nọ́ńbà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fi ṣájà sí i, ó sì gba iná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kú fin-ín. Òǹrajà gbé e padà, ọlọ́jà yọ ibi tí síìmù ń wọ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, sítíkà funfun pélébé kan wà níbẹ̀ tó máa ń pupa bí omi bá kàn án. Bó bá ti pupa, ọ̀rọ̀ ti bùṣe lójú ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ohun tí sítíkà yẹn lè sọ kò ju pé omi ti kàn án rí. Kò lè sọ ọjọ́ tó kàn án, kò lè sọ ọwọ́ ẹni tó wà nígbà náà, kò sì lè sọ pé omi ló pa fóònù. Fóònù tòkunbọ̀ lè ti pupa láti London.

Ti tẹlifíṣọ̀n tún le jù. "Iná NEPA ló jó o" rọrùn láti sọ nílùú tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé iná ń fò sókè tó tún ń wálẹ̀. Síbẹ̀, ẹnjiníà tó mọṣẹ́ lè tú ẹ̀yìn rẹ̀ kó rí nǹkan. Bí iná bá ya wọlé lójijì, gíláàsì fíùsì sábà máa ń dúdú, ẹ̀yà tí wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà láti gba iná àpọ̀jù sára á sì ti jó tàbí kó fọ́. Bí orí kapásítọ̀ bá wú, tí fíùsì sì wà bó ṣe wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ooru tàbí ohun èlò tí kò dára ló fà á. Ó ṣeé ṣe ni mo wí o, kò dájú. Ẹnjiníà méjì lè wo pátákó iná kan náà kí ọ̀rọ̀ wọn máà dọ́gba.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni, kó rántí Galaxy Note 7 tí Samsung gbé jáde lọ́dún 2016. Fóònù náà ń gbiná; wọ́n ní kí àwọn èèyàn dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 padà, àwọn tí wọ́n fi rọ́pò tún ń gbiná, wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Nígbà tí Samsung sọ ohun tó fà á ní oṣù kìíní 2017, ó ní àwọn ẹnjiníà àti olùṣèwádìí 700 ló ṣiṣẹ́ lé e lórí, wọ́n yẹ fóònù tó lé ní 200,000 àti bátìrì tó lé ní 30,000 wò. Ohun tí wọ́n rí kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i: nínú bátìrì ilé iṣẹ́ kìíní, igun kan ló fún ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ jù, nínú ti ilé iṣẹ́ kejì, ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ ló ní ṣóńṣó tó ń gún inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà fúnra rẹ̀ nílò 700 èèyàn. Kí la wá fẹ́ kí olùkọ́ kan ní Ìkòròdú fi wádìí tirẹ̀?

Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fi gbé ẹrù ẹ̀rí kúrò lórí òǹrajà fún ìgbà kan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Òǹrajà ti ọdún 2015, bí àbùkù bá yọjú láàárín oṣù mẹ́fà, tí òǹrajà sì ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n fún òun ní òmíràn, òfin á kà á sí pé àbùkù náà ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e fún un. Ọlọ́jà tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, òun ni yóò fi hàn. Bí wọ́n bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan tí kò sì dá, òǹrajà lè dá a padà kó gba owó. Ó kan ohun àlòkù pẹ̀lú, bí ọlọ́jà ló tà á. Ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, oṣù mẹ́fà yẹn ti di ọdún kan láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022, Spéènì sì fà á dé ọdún méjì.

Ilé ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó wà ní Luxembourg ti là á mọ́lẹ̀ lọ́dún 2015, nínú ẹjọ́ obìnrin kan ní Netherlands tí ọkọ̀ àlòkù tó rà gbiná kí oṣù mẹ́fà tó pé. Wọ́n ti fọ́ ọkọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé ẹjọ́ ní kò pọn dandan kí òǹrajà mọ ohun tó fa àbùkù, tàbí kó fi hàn pé ọlọ́jà ló jẹ̀bi. Kó ṣáà ti fi hàn pé àbùkù wà, àti pé inú àkókò yẹn ló yọjú.

Kò sì pọn dandan ká wo òkè òkun nìkan. Òfin South Africa ti ọdún 2008 fún òǹrajà ní oṣù mẹ́fà láti dá ọjà tó lábùkù padà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì yàn bóyá àtúnṣe, pàṣípààrọ̀ tàbí owó lòun fẹ́.

Abala 122 tiwa sọ pé "láàárín àsìkò tó bójú mu". Kò ka ọjọ́, kò sì sọ ẹni tí yóò gbé ẹrù ẹ̀rí. Èrò tèmi, tí mo sì ń sọ pẹ̀lú ìṣọ́ra, ni pé ihò yìí ń pa òǹrajà lára ju àkọlé ara ògiri lọ. Bí wọ́n bá ya gbogbo àkọlé náà kúrò lọ́la, ọlọ́jà á ṣì lè ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Oṣù mẹ́ta péré tí òfin yóò fi ka àbùkù sí ti inú páálí ì bá yí ìjíròrò orí káńtà padà. Mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́jà ní ẹjọ́ tiwọn. Àwọn oníbàárà kan wà tó ń pààrọ̀ ojú fóònù kí wọ́n tó gbé e padà, èrè orí fóònù kan sì lè kéré débi pé owó kan ṣoṣo tí wọ́n bá dá padà á jẹ èrè fóònù mẹ́wàá run. Nítorí náà, ó yẹ kí ọlọ́jà kékeré lè yíjú sí ẹni tó kó ọjà náà wọlé, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó sún mọ́ wa jù ni gbogbo ìyà á máa jẹ.

Ní báyìí ná, ọjọ́ àti àkọsílẹ̀ ni ohun tó wà lọ́wọ́ òǹrajà. Òfin ní kí ọlọ́jà fún yín ní rìsíìtì, kó sì sọ fún yín bí ọjà bá jẹ́ àlòkù. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ká fídíò bí wọ́n ṣe ń tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, títí kan inú ihò síìmù. Lọ́jọ́ tí àbùkù bá yọjú, ẹ kọ̀wé sí ọlọ́jà lọ́jọ́ náà gan-an, kódà kó jẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má sì gbé e fún rìpíà ìta kọ́kọ́ tú, torí pé ẹni tó bá tú u ti fún ọlọ́jà ní ẹjọ́ rò. Bí ó bá kọ̀, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, ẹ sì lè lọ sílé ẹjọ́ tààrà. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré láti ọdún 2018, fún iye tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Òǹrajà lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀ láìgba agbẹjọ́rò, 60 ọjọ́ ni ìlànà wọn sì fún ẹjọ́ kan láti fi parí. Lẹ́tà tí ẹ fi béèrè owó yín lọ́wọ́ ọlọ́jà ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.