Orúkọ Hinderer: Ibi tí Ó Ti Wá àti Ibi tí Ó Kù sí Lónìí

Ẹni tí ó bá dúró ní Ìyànà-Ìpájà láti wọ ọkọ̀ lọ sí Gowon Estate, ní ilẹ̀ Alimọ́ṣọ́, yóò gbọ́ tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń ké pé, "Gowon! Gowon!" Orúkọ ìdílé ọkùnrin kan ni wọ́n ń ké bẹ́ẹ̀, èyíinì ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ẹni tí ó ṣe olórí ìjọba Nàìjíríà láti ọdún 1966 títí di ọdún 1975. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ rẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ìbátan rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń gbé, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò dá. Nípa èyí ni a fi mọ̀ pé orúkọ ìdílé lè dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ìdílé náà kò dé.

A fẹ́ sọ ìtàn orúkọ mìíràn tí ó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Orúkọ Jámánì ni, kò sì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n ó ti ju 150 ọdún lọ tí a ti mọ̀ ọ́n ní Ìbàdàn. Orúkọ náà ni Hinderer.

BÍ ORÚKỌ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Àwọn baba wa kò mọ orúkọ ìdílé bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ọmọ a máa ní orúkọ àmútọ̀runwá tàbí orúkọ àbísọ, a máa ní oríkì, a sì máa ní orílẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ ọmọ ẹni tí í ṣe, agbo ilé rẹ̀ ni a ó dárúkọ fún un. Ilé-ìwé, ilé ìjọsìn àti ìwé ìjọba ni ó mú kí a máa kọ orúkọ baba mọ́ ti ọmọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní Jámánì nígbà láéláé. Orúkọ kan ṣoṣo ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1100 síwájú, nígbà tí àwọn ìlú wọn ń gbòòrò, ọkùnrin mẹ́wàá lè máa jẹ́ Johannes ní ìlú kan náà, ó sì di ìṣòro fún akọ̀wé tí ń gba owó orí àti fún ẹni tí ń kọ ìwé ilẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fi orúkọ kejì kún ti àkọ́kọ́, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n sì ń gbà ṣe é.

Ọ̀nà kìíní ni iṣẹ́ ọwọ́: Müller ni ẹni tí ń lọ ọkà, Schmidt ni alágbẹ̀dẹ, Schneider sì ni aránṣọ. Ọ̀nà kejì ni orúkọ baba, gẹ́gẹ́ bí Peters, tí í ṣe ọmọ Peter. Ọ̀nà kẹta ni ìrísí ènìyàn: Klein ni ẹni kékeré, Schwarz ni ẹni dúdú. Ọ̀nà kẹrin ni ibi tí ènìyàn ti wá tàbí ibi tí ilé rẹ̀ wà.

Inú ọ̀nà kẹrin yìí ni Hinderer wà. Nínú èdè Jámánì àtijọ́, "hinder" ni ẹ̀yìn. "Er" tí ó parí ọ̀rọ̀ náà sì dà bí ìgbà tí àwa bá wí pé "ará". Hinderer ni ará ẹ̀yìn, ẹni tí ilé tàbí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn ti àwọn yòókù ní abúlé. Lónìí, "hinter" ni àwọn ará Jámánì ń kọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 1876, òfin mú kí ìjọba Jámánì máa kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú gbogbo ènìyàn sínú ìwé, bí a sì ti kọ orúkọ sílẹ̀ ni ó ń rí láti ìgbà náà wá. Bí orúkọ àwọn baba wa ti ń pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ mọ́ fún wa, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn náà.

Ẹni tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá rí orúkọ yìí, nítorí ní èdè náà ó dà bí ẹni pé a ń pe ènìyàn ní adènà. Ìbátan ni ọ̀rọ̀ méjèèjì, nítorí ẹni tí a dí lọ́nà ni a dá dúró sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní Jámánì kò sí èébú kankan nínú orúkọ náà.

IYE ÀWỌN TÍ Ń JẸ́ Ẹ

Nígbà tí àwọn onímọ̀ èdè ní Jámánì fẹ́ mọ ibi tí orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan ti wọ́pọ̀, ìwé àwọn tí ó ní tẹlifóònù ní ọdún 2005 ni wọ́n yẹ̀ wò. Orúkọ ìdílé tí wọ́n bá nínú rẹ̀ tó nǹkan bí 850,000 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Müller ni ó pọ̀ jù lọ, Schmidt àti Schneider sì tẹ̀lé e. Irú àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n àìmọye ènìyàn ni ń jẹ́ wọn. Àwọn orúkọ tí ó ṣẹ́kù pọ̀ jọjọ, ṣùgbọ́n ènìyàn díẹ̀ ni ń jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹgbẹ́ kejì yìí ni Hinderer wà. Württemberg, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Jámánì, ni a ti ń rí i jù, àwọn tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà sì gbé e lọ sí ibẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń jẹ́ ẹ ní àkókò tiwa ni Tanja Hinderer, onímọ̀ físíìsì. Ní ọdún 2008 ó gbé ìṣirò jáde lórí bí irú ìràwọ̀ kan tí ó kéré ṣùgbọ́n tí ó wúwo gidigidi ti ń yí ìrísí rẹ̀ padà nígbà tí òmíràn bá ń fà á.

Kí ni ó ń mú kí orúkọ kan pọ̀, kí òmíràn sì máa dín kù? Ní ọdún 1873, ọ̀mọ̀wé kan ní England, Francis Galton, béèrè ìdí rẹ̀ tí orúkọ àwọn ìdílé ńlá fi ń parẹ́. Àlùfáà kan tí ó mọ ìṣirò, Henry William Watson, bá a wá ìdáhùn sí i. Ohun tí wọ́n rí kò ṣòro fún àgbẹ̀ láti mọ̀. Ẹni tí àká rẹ̀ kún fún irúgbìn kò bẹ̀rù pé ọ̀dá ọdún kan yóò run irú ọkà náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan ṣoṣo ni ó kù, àkókò búburú kan lè pa á rẹ́ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ tí ó jẹ́ pé ọmọkùnrin nìkan ni ń gbé e lọ síwájú. Bí arákùnrin mẹ́ta nìkan bá ń jẹ́ orúkọ kan, tí ọ̀kan kò bí ọmọ, tí èkejì bí obìnrin nìkan, tí ẹ̀kẹta sì kú ní èwe, orúkọ náà tán nìyẹn. Kì í ṣe pé ìdílé náà ṣẹ̀, kì í sì í ṣe pé ẹnìkan fi wọ́n bú.

Ní Jámánì, òfin ti ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀. Ní ọdún 1991, ilé ẹjọ́ tí ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà dájọ́ pé kò tọ́ kí orúkọ ọkọ máa borí láìsí ìjíròrò nígbà tí tọkọtaya kò bá fohùn ṣọ̀kan. Láti ìgbà náà, ọmọbìnrin lè di orúkọ baba rẹ̀ mú, kí ó sì fi lé àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́.

HINDERER NÍ ÌBÀDÀN

Württemberg yìí kan náà ni a bí David Hinderer sí. Ní àkókò náà, ẹgbẹ́ C.M.S. ti England a máa gba àwọn ọmọ Jámánì tí a kọ́ ní Basel sí iṣẹ́, nítorí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fẹ́ lọ kò tó. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Jámánì ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá: Gollmer ní Àgbádárìgì, Mann ní Ìjàyè, Hinderer ní Ìbàdàn. Ọdún 1851 ni ó kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Ní ọdún 1852 ó gbé Anna Martin, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, níyàwó, ní ọdún 1853 tọkọtaya náà sì wá tẹ̀dó sí ìlú náà. Ní Kúdẹtì ni wọ́n kọ́ ilé wọn sí.

Ní ọdún 1860, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ọ̀nà Abẹ́òkúta àti ti Èkó dí. Ìjàyè ṣubú ní ọdún 1862, síbẹ̀ ọ̀nà kò ṣí. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ dà bí adènà fi wà ní ìlú tí a dí ọ̀nà rẹ̀. Owó ẹyọ wọn tán, oúnjẹ di ọ̀wọ́n, wọ́n sì ń ta ohun èlò inú ilé kí àwọn àti àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn tó lè jẹun. Ní ọdún 1865 ni Glover, tí ó ń ṣàkóso ní Èkó, rán Captain Maxwell gba ọ̀nà inú igbó wá gbé Anna jáde, nítorí àìsàn ti mú un gidigidi. Wọ́n tún padà sí Ìbàdàn lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n ní ọdún 1869 wọ́n fi ìlú náà sílẹ̀. Anna kú ní ọdún 1870, David sì kú ní ọdún 1890.

Nínú gbogbo ọdún wọnnì, tọkọtaya náà kò bí ọmọ. Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ilé wọn kún fún ọmọ. Ìyá ni a ń pe Anna. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì wà lára àwọn ọmọ Ìbàdàn tí ó kọ́kọ́ mọ ìwé. Dáníẹ́lì Olúbí, tí a tọ́ ní ilé náà, ni ó gba iṣẹ́ ìjọ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò di Hinderer. Olúnlọ́yọ̀ ni ọmọ Olúnlọ́yọ̀ ń jẹ́ títí di òní, Olúbí sì ni Olúbí. Èyí kò rí bí ti Sierra Leone, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ti gba orúkọ òyìnbó. Àjàyí, ọmọ Ọ̀ṣóògùn, gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ní ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀ ní ọdún 1825, ó di Samuel Crowther, ọmọ Yorùbá sì ń jẹ́ Crowther láti ìgbà náà wá. Bí Hinderer bá ti fẹ́ bẹ́ẹ̀, ì bá ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ní orúkọ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ní baba, wọ́n sì ní agbo ilé. Ó fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún wọn.

Níbo wá ni orúkọ rẹ̀ kù sí? Ó kù lára ilé tí ó kọ́ ní Kúdẹtì, tí a ń pè ní Ilé Hinderer. Ó kù lára ìwé tí John Bunyan kọ nípa ìrìn àjò èrò mímọ́, nítorí òun ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá. Orúkọ aya rẹ̀ kù lára St. Anne's School ní Ìbàdàn, tí a fi sọrí rẹ̀. Orúkọ Yéjídé náà sì wà lára ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìlú kan náà. Orúkọ ẹni tí a tọ́ àti orúkọ ẹni tí ó tọ́ ọ jọ wà, ọ̀kan kò sì gbé èkejì mì.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Àwọn kan wà láàárín wa tí ọkàn wọn kò balẹ̀ nítorí pé obìnrin nìkan ni wọ́n bí, tàbí pé wọn kò bí rárá; àwọn mìíràn sì ti tú ilé wọn ká nítorí wíwá ẹni tí yóò jẹ́ orúkọ wọn. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ro ìtàn yìí wò. Kí orúkọ tó lè pẹ́ nípa ọmọkùnrin, bí ọmọ bá ṣe bọ́ sí i ni; ṣùgbọ́n ẹni tí a tọ́ dáadáa kì í gbàgbé ẹni tí ó tọ́ ọ.

Ní ti àwa tí a ní orúkọ láti pa mọ́, kí a mú ojú ewé òfìfo tí ó wà lẹ́yìn ìwé yìí, kí a sì kọ nǹkan mẹ́rin sínú rẹ̀. Èkínní, orúkọ àwọn baba wa àti ìtumọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú oríkì àti orílẹ̀, kí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n tó lọ. Èkejì, orúkọ ìyá wa àti agbo ilé tirẹ̀, nítorí ìwé ìjọba kì í sábà bèèrè rẹ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn àìsàn tí ó máa ń tọ ìdílé, bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti fọ̀níkúfọ̀ládìde, kí dókítà lè rí i lò nígbà tí ọmọ bá ń ṣàìsàn tàbí tí ó bá ń múra àti gbéyàwó. Ẹ̀kẹrin, orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó tọ́ wa tí kì í ṣe òbí wa, kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ ọ́n.

Kí a sì rí i pé bí a ti kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ìbí náà ni a kọ ọ́ sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó yàtọ̀ lè dá ọmọ náà dúró sẹ́yìn ní ọjọ́ tí ó bá ń wá iṣẹ́ tàbí ìwé ìrìnnà.