Ìwúlò Ọgbà Ìgbafẹ́ Láàárín Ìlú

Ọgbà ìgbafẹ́ ni ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ láàárín ìlú, tí a gbin igi àti òdòdó sí, kí tọmọdé tàgbà lè máa sinmi níbẹ̀. Ohun àjèjì kọ́ ni fún wa: gbàgede iwájú ààfin ni ìlú ti ń péjọ láti ayébáyé.

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, ó dára kí àwọn tó ń ṣètò ilẹ̀ ìlú bẹ ọgbà ìlú mìíràn wò kí wọ́n tó ya àwòrán tiwọn. Wọn a wo ibi tí omi ń gbà ṣàn, ibi tí ìbòòji wà lọ́sàn-án, àti ibi tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti jókòó sí.

Freedom Park ní Èkó jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, mọ́ ibẹ̀ rí. Theo Lawson ló ya àwòrán tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2010.

Ṣàgámù náà nílò irú rẹ̀, nítorí oríta ọ̀nà Èkó, Ìbàdàn àti Benin ni ó wà. Bí a bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí gbogbo ilẹ̀ tán, ojú títì ni àwọn ọmọ yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kò mọ ọmọ ẹnì kan. Omi òjò kò sì ní rí ilẹ̀ tí yóò fà á mu. Ilé ni yóò máa ya wọ̀.

Ní ìparí, ìgbà tí ilẹ̀ ṣì kù ni ó yẹ kí á yà á sọ́tọ̀. Ilẹ̀ tí a bá ti kọ́lé lé, owó gọbọi ni a ó fi gbà á padà.